Àbùlẹ̀ Onílà Kan: Bí A Ṣe Ń Yan Àtúnṣe Dírẹ́bà Tó Yẹ Kó Padà Sínú Kernel Àtijọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi lónìí.

Ẹnì kan fi ìlà kan kún dírẹ́bà káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan. Ohun tí ìlà náà ń wí kò ju èyí lọ: kí o tó tú mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ yìí sílẹ̀, kọ́kọ́ dá iṣẹ́ tó ń lọ lábẹ́nú dúró, kí o sì dúró dè é títí yóò fi parí. Ẹni tó bá ń fi èdè C kọ kóòdù á ti mọ̀ ọ́n, cancel_work_sync ni. Wọ́n ti gbà á sínú kernel Linux tuntun; kernel ni ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tèmi ni láti sọ bóyá ó yẹ kó dé inú àwọn ẹ̀dà kernel àtijọ́ mẹ́ta: 6.6, 6.1 àti 5.10. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo kọ́ kernel náà, compiler, ìyẹn ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ gbọ́, kò bú mi, kò kìlọ̀ fún mi. Ìgbà tí a wá yọ káàdì náà lára ẹ̀rọ tó ń lo 5.10, ẹ̀rọ náà dúró gbagidi. Kò lọ, kò bọ̀, kò dáhùn.

Ìlà kan náà, dírẹ́bà kan náà. Lórí 6.6 ó jẹ́ ìwòsàn, lórí 5.10 ó di àrùn. Ẹ fi í sọ́kàn, mo máa padà sórí rẹ̀.

Kí ó má di pé ẹnì kan ń fọkàn wá ọkọ̀: dírẹ́bà tí mò ń sọ kì í ṣe ẹni tó di sìtíárìn mú. Kóòdù tó gbọ́ èdè ẹ̀rọ kan pàtó ni, òun ló ń ṣe ògbufọ̀ láàárín ẹ̀rọ náà àti kernel. Káàdì Wi-Fi ní tirẹ̀, kámẹ́rà ní tirẹ̀, bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tan kọ̀ǹpútà alágbèéká yín pàápàá lè ní tirẹ̀. Nínú Linux, kóòdù dírẹ́bà ju ìdajì gbogbo kóòdù kernel lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ń tọ́jú kernel àtijọ́, dírẹ́bà ló ń tọ́jú jù, ó mọ̀ ọ́n ni o, kò mọ̀ ọ́n ni o.

Kí ló fà á tí àwọn èèyàn fi ń jókòó sórí kernel àtijọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni kernel tuntun fi ń jáde síra wọn. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru kò lè máa bá a sáré bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ ni kí ilẹ̀ tó dúró sí má yẹ̀, kí wọ́n ṣáà máa dí ihò tó bá yọ. Torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Greg Kroah-Hartman àti Chris Wright ṣe dá ẹ̀ka stable sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2005, lórí 2.6.11. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀dà kan lọ́dọọdún tí wọ́n máa tọ́jú pẹ́. Ẹ wo 4.19: oṣù kẹwàá 2018 ló jáde, oṣù kejìlá 2024 ni wọ́n tó dágbére fún un, nọ́ńbà rẹ̀ sì ti di 4.19.325. Àtúnjáde ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Wọ́n ń ṣe é débi pé nọ́ńbà fúnra rẹ̀ há. Inú ìlà kóòdù kan tí wọ́n ń pè ní macro, àyè bit mẹ́jọ péré ni wọ́n fún nọ́ńbà kẹta, kò sì lè ju 255 lọ. Nígbà tí 4.4 àti 4.9 máa di 256 ní oṣù kejì ọdún 2021, ó di wàhálà tí wọ́n ní láti jókòó yanjú. Ẹni tó kọ macro yẹn kò rò ó rí pé èèyàn á lẹ àbùlẹ̀ mọ́ kernel kan nígbà tó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó wà lórí kernel àtijọ́ ti sọ fún wa, láìla ẹnu, pé òun kò fẹ́ ìyàlẹ́nu. Àbùlẹ̀ tí a bá fún un, kò bẹ̀bẹ̀ fún un, kò ní kà á, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ló máa fà á wọlé fúnra rẹ̀ lóru. Nítorí náà, “ṣé àtúnṣe yìí dára?” kọ́ ni ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi. Ó ti dára, ìyẹn ló ṣe wà nínú kernel tuntun. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé: kí ni àtúnṣe yìí gbójú lé tí kò sí níbí?

Òfin ẹ̀ka stable kò gùn, ó wà nínú àkọsílẹ̀ tó ń bá kernel fúnra rẹ̀ rìn. Àbùlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú kernel tuntun tí Linus Torvalds ń darí kó tó padà sẹ́yìn. Kò gbọ́dọ̀ ju ìlà 100 lọ, tòun ti àwọn ìlà tó yí i ká. Ó gbọ́dọ̀ hàn kedere pé ó tọ̀nà, kí wọ́n sì ti dán an wò. Ó gbọ́dọ̀ tún àléébù gidi tó ń yọ èèyàn lẹ́nu ṣe, tàbí kó ṣáà fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ kan kún dírẹ́bà. Ẹni tó bá ní “ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ méjì kọlu ara wọn níbí lọ́jọ́ kan” gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí ẹnì kan ṣe lè fi ibẹ̀ ṣe ibi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní gbà á.

Òfin àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ń bá mi jiyàn lé jù. Wọ́n á ní, “ṣebí ara kernel àtijọ́ ni àléébù wà, ẹ tún un ṣe níbẹ̀, kí ló kan kernel tuntun?” Ó kàn án o. Tí o bá dí ihò nínú 6.1 tí o fi í sílẹ̀ nínú tuntun, ọjọ́ tí ẹni yẹn bá kúrò lórí 6.1 ló máa tún jìn sínú ihò tó ti gbàgbé. Ìgbà yẹn, ìwọ tí o mọ ibi tí ihò náà wà lè ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dúró díẹ̀ lórí nọ́ńbà ìdánimọ̀, torí gbogbo èèyàn ló gbà pé òun ló rọrùn jù. Ẹ̀rọ USB tàbí PCI kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti nọ́ńbà tirẹ̀. Dírẹ́bà ní àkójọ àwọn nọ́ńbà tó mọ̀. Tí ẹ̀rọ kan bá wọlé tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà nínú àkójọ, dírẹ́bà á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìlà kan péré ni fífi nọ́ńbà kún un. Òfin pàápàá yọ̀ǹda rẹ̀. Kí ló tún kù?

Ó ku ohun púpọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kí ló dé tí ilé iṣẹ́ náà fi fún ẹ̀rọ yìí ní nọ́ńbà tuntun? Nígbà mìíràn, orúkọ ọjà ni wọ́n yí padà, inú rẹ̀ kò yí. Ìyẹn, mo máa gbà á láìwẹ̀yìn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n yí: wọ́n ṣí register, ìyẹn àyè inú ẹ̀rọ tí dírẹ́bà ń kọ àṣẹ sí, kúrò níbi tó wà, tàbí ó ń bèèrè fáìlì firmware tuntun, ìyẹn kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Kernel tuntun ti kọ́ dírẹ́bà ní gbogbo ìyẹn nínú commit márùn-ún tó ṣáájú (commit ni àyípadà kóòdù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ nínú ìtàn kernel), nọ́ńbà wá jẹ́ commit tó kẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn kọ́ ilé tán tó wá fi kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́. Tí ìwọ bá mú commit ìkẹyìn yẹn nìkan wá sí 5.10, kọ́kọ́rọ́ lo fún un, kò sí ilé níbẹ̀. Kí nọ́ńbà yẹn tó dé, ẹ̀rọ náà kàn jókòó jẹ́jẹ́, kò ṣiṣẹ́, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nígbà tó dé, dírẹ́bà gbá a mú, ó kọ nǹkan sínú register tí kò yẹ, kọ̀ǹpútà kò tan mọ́. Ẹni tí kò ní Wi-Fi tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà.

Ìkejì rẹ̀ tún wà tó máa ń bọ́ lójú: nínú kernel àtijọ́, ó lè jẹ́ dírẹ́bà gbogbogbòò kan ló ń gbé ẹ̀rọ náà, torí ó wo irú ẹ̀rọ tó jẹ́, kò wo nọ́ńbà. Ó ń gbé e tìyà-tìyà, ṣùgbọ́n ó ń gbé e. O fi nọ́ńbà kún dírẹ́bà pàtó, ìyẹn gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ gbogbogbòò, kò sì lè ṣe gbogbo ohun tí gbogbogbòò ń ṣe. Lójú ẹni tó ń lò ó, o bà á jẹ́ ni. Kò sí ìwé òfin tó máa gbà ọ́.

Nítorí náà, tí mo bá rí nọ́ńbà ìdánimọ̀, n kì í wo ìlà náà rárá. Inú ìtàn fáìlì náà ni mo ń lọ, láti ẹ̀ka àtijọ́ títí dé ọjọ́ tí wọ́n fi nọ́ńbà náà kún un, mo sì ń wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹ̀yà chip yẹn. Tí n kò bá rí nǹkan kan, mo gbà á. Tí mo bá rí, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní ti àwọn tó jẹ́ àtúnṣe àléébù, ibi tí gbogbo wa ń kọ́kọ́ wò ni àmì “Fixes:” tó wà nísàlẹ̀ commit. Ó ń dárúkọ commit tó bí àléébù náà, pẹ̀lú ìwọ̀n lẹ́tà méjìlá àkọ́kọ́ nínú hash rẹ̀, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ commit. Ọgbọ́n rẹ̀ rọrùn: tí commit tó bí i kò bá sí nínú ẹ̀ka rẹ, àléébù kò sí níbẹ̀, fi àtúnṣe sílẹ̀. Mo fẹ́ràn àmì yìí, ó ti gbà mí lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ó ń purọ́ lọ́nà méjì, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gbé commit tó bí àléébù fúnra rẹ̀ padà sí 5.10 tipẹ́. Hash rẹ̀ níbẹ̀ yàtọ̀, tí o bá fi hash ti òkè, ìyẹn ti kernel tuntun, wá a, o ò ní rí i, o máa ní “kò sí lọ́dọ̀ wa”, nígbà tó sì ti ń gbé inú ilé rẹ láti ọdún méjì. Inú ọ̀rọ̀ commit ni kí o wá, níbi tí wọ́n máa ń kọ hash ti òkè sí. Ọ̀nà kejì burú jù ú lọ. Ẹnì kan kó kóòdù láti fáìlì kan sí òmíràn ní 2021, git blame, àṣẹ tó ń sọ ẹni tó fọwọ́ kan ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn, á dúró sọ́dọ̀ ẹni tó kó o, òun ni wọ́n á sì dárúkọ nínú “Fixes:”. Ẹni ẹlẹ́ni! Ẹrù ló bá wọn rù, àléébù náà ti wà nínú ẹrù láti 2012. Gbogbo kernel tó ṣáájú ọdún tí wọ́n kó ẹrù náà ló ní àléébù, àmì sì ń sọ fún wa pé ara wọn le.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ìdí ọ̀rọ̀.

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni àbùlẹ̀ rí nínú àkójọ: ìlà mẹ́ta níhìn-ín, ìlà méje lọ́hùn-ún, gbogbo wọn ń wí pé “tún jíjò mẹ́mọ́rì ṣe”, “yẹra fún ìkọlù”. Ohun tó ń ya wọn sọ́tọ̀ kò sí lára wọn, inú ilẹ̀ tí wọ́n hù sí ló wà.

Linux kò ṣèlérí rí pé ọ̀nà tí àwọn ẹ̀yà inú kernel fi ń pe ara wọn kò ní yí padà. Wọ́n máa ń yí i, wọn a sì yí gbogbo ẹni tó ń lò ó lọ́jọ́ kan náà. Ní 4.15, wọ́n yọ setup_timer kúrò, timer_setup gba ipò rẹ̀, function, ìyẹn ìdì kóòdù tí wọ́n ń fi orúkọ pè, tí aago bá dún sí kò gba nọ́ńbà lásán mọ́, aago náà fúnra rẹ̀ ló ń gbà. Ní 6.4, class_create sọ ọ̀kan nínú ohun méjì tó ń gbà nù. Tí àbùlẹ̀ rẹ bá kan irú èyí, má fòyà, compiler á pariwo. Ariwo compiler, ọ̀rẹ́ ni. Ẹni tó ń pa wá ni èyí tí kò pariwo.

Ní ìparí ọdún 2023, gbogbo ayé rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Kì í ṣe dírẹ́bà, ètò ìfáìlì ext4 ni, ṣùgbọ́n kò sí ìtàn tó bá ọ̀rọ̀ mi mu tó o. Wọ́n mú àtúnṣe kan tó kan kíkọ fáìlì tààrà sórí dísìkì, wọ́n gbé e sínú 6.1.64. Àtúnṣe náà tọ̀nà. Àmọ́ ó gbójú lé àyípadà kékeré kan nínú ẹ̀yà mìíràn, iomap, tó ti wọ kernel tuntun ṣáájú rẹ̀, tí 6.1 kò sì ní. Àbùlẹ̀ lẹ̀, ó kọ́, ó jáde. Lórí 6.1, ìṣirò ibi tí kíkọ dé nínú fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà, fáìlì àwọn èèyàn sì ń bàjẹ́. Debian, ọ̀kan nínú àwọn tó ń pín Linux, ń múra láti gbé 12.3 jáde lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n ní láti dá a dúró, 12.4 ni wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá. Láàárín wọn, 6.1.66 ti jáde pẹ̀lú àtúnṣe àtúnṣe. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìtàn yìí tó kọ kóòdù burúkú. Commit méjì tó dára ni wọ́n yà nípá.

Tèmi náà nìyẹn, lórí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí ẹ̀rọ dúró gbagidi, mo ṣí function náà nínú 6.6 àti nínú 5.10, mo tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àbùlẹ̀ náà kọ́ ni mo tẹ́ o, gbogbo function láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti èyí tó ń pè é. Nínú 5.10, ẹni tó ń yọ ẹ̀rọ kúrò máa ń di àgádágodo kan mú látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyẹn lock tí kóòdù fi ń dá ara wọn lọ́nà kí ẹni méjì má baà wọ yàrá kan pọ̀. Iṣẹ́ abẹ́nú tí ìlà tuntun ní ká dúró dè pẹ̀lú, kó tó parí, àgádágodo yẹn kan náà ló ń wá. Ẹni tó ń yọ ẹ̀rọ ní, “mi ò ní tú àgádágodo sílẹ̀ àfi tí o bá parí.” Iṣẹ́ ní, “mi ò lè parí àfi tí o bá tú àgádágodo sílẹ̀.” Ó parí. Wọ́n á jọ dúró títí iná á fi lọ.

Kí ló wá dé tí 6.6 kò fi dákú? Ọdún kan lẹ́yìn 5.10, ẹnì kan wọlé, ó ní òun fẹ́ gbálẹ̀ dírẹ́bà náà. Ó gé ibi tí wọ́n ti ń di àgádágodo mú kúrú. Kò pè é ní àtúnṣe, kò fi “Fixes:” sí i, kò sì tọ́ sí i, torí lójú rẹ̀ ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ọ̀ṣọ́ yẹn ni ìlà kan wa gbójú lé. Ẹni tó kọ ìlà náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun gbójú lé e, kernel tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ìbéèrè mẹ́ta tí n kì í fò lórí dírẹ́bà: ta ló di àgádágodo mú níbí, ta ló ń tú mẹ́mọ́rì yìí sílẹ̀, tí nǹkan bá sì kùnà lágbedeméjì, ibo ni kóòdù ń gbà jáde? Ìkẹta yẹn ń ṣekú pani ní jẹ́jẹ́. Dírẹ́bà kún fún goto, àṣẹ tó ń fò lọ sísàlẹ̀ láti kó ilẹ̀ nígbà ìkùnà. Nínú kernel tuntun, púpọ̀ nínú wọn ti di devm, tí kernel fúnra rẹ̀ á bá ọ kó ilẹ̀. Àbùlẹ̀ tó bá yọ kfree kan, ìyẹn àṣẹ tó ń tú mẹ́mọ́rì sílẹ̀, kúrò torí pé devm ti ń ṣe é lókè, tó o bá gbé e wá síbi tí devm kò tíì dé, o ti ṣẹ̀dá jíjò mẹ́mọ́rì: kò sí ẹni tó máa tú u sílẹ̀. Tí o bá yí i padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n á tú mẹ́mọ́rì kan náà sílẹ̀.

Nígbà tí o bá wá rí i pé àbùlẹ̀ ní gbòǹgbò, ọ̀nà méjì ló wà. O lè hú gbòǹgbò náà pẹ̀lú rẹ̀, kí o gbé commit tó ṣáájú wá bó ṣe rí, kí o fi “Stable-dep-of:” sí i kí àwọn tó ń bọ̀ mọ ìdí. O sì lè tún àbùlẹ̀ náà kọ kó bá ilẹ̀ àtijọ́ mu. Àwọn olùtọ́jú stable fẹ́ràn ti àkọ́kọ́, mo sì gba tiwọn dé àyè kan: bí ẹ̀ka àtijọ́ bá ṣe jọ ti òkè tó, bẹ́ẹ̀ ni àbùlẹ̀ ọ̀la á ṣe rọrùn tó, àtúnkọ ọwọ́ sì ni ibi tí àṣìṣe tuntun ń gbà wọlé. Àmọ́ mo ti rí ibi tí wọ́n ti torí ìlà méjì hú commit mọ́kànlá, tí dírẹ́bà tó wà nínú 5.10 kò wá jọ ti 5.10 mọ́, kò sì jọ ti òkè. Tèmi ni pé tí gbòǹgbò bá ju mẹ́ta lọ, tàbí tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ àtúntò ńlá, màá tún un kọ, màá sì kọ ọ́ sínú commit pé mo yí i, ibi tí mo yí, àti ìdí. Tí n kò bá lóye rẹ̀ tó láti tún un kọ, mo máa fi í sílẹ̀, mo sì máa sọ ọ́ síta pé mo fi í sílẹ̀. Ojú kì í tì mí.

Àwọn tí mò ń kọ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì: gbígbálẹ̀, àtúnṣe sípẹ́lì, ohun tuntun tó ń ṣe bí ẹni pé àtúnṣe ni òun. Ìmúyára, ó di ìgbà tí ẹni tó ń lò ó gan-an bá sunkún wá. Ẹ̀yà kan wà tó ń dà mí láàmú, òun ni àyípadà ìwà. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Dírẹ́bà kan ti ń fún ètò ní nọ́ńbà tí kò tọ́ fún ìwọ̀n ooru láti ọdún mẹ́rin, sọ́fítíwíà tó ń ka nọ́ńbà náà ti kọ́ bó ṣe ń yọ ogún kúrò lára rẹ̀. O wá tún dírẹ́bà ṣe. O tọ̀nà, sọ́fítíwíà yẹn wá ń rò pé ẹ̀rọ tútù nígbà tó ń jóná. Tàbí kí wọ́n ní ẹ̀rọ USB kan yóò máa sùn fúnra rẹ̀ láti fi agbára bátìrì pamọ́: nínú kernel tuntun, ẹni tó gbà á mọ̀ pé òun gba kernel tuntun, ó ń retí ìyípadà. Lórí 6.1, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé láàárọ̀ ọjọ́ kan ni.

Ẹnì kan á ní, ṣebí ẹ̀rọ ti wà tó ń bá wa yan àbùlẹ̀. Ó wà. Sasha Levin, tí òun àti Greg jọ ń tọ́jú stable, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní AUTOSEL, tó kọ́ láti ara àwọn àbùlẹ̀ àtẹ̀yìnwá bí àtúnṣe ṣe máa ń rí, tó sì ń yọ àwọn tí ẹni tó kọ wọ́n gbàgbé láti fi àmì stable sí. Mi ò bá a ṣọ̀tá. Ó ti rí ohun tí ojú mi fò. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú XFS, ètò ìfáìlì mìíràn, ní kó má kan tiwọn, mo sì lóye wọn: ẹ̀rọ náà ń mọ ohun tó jọ àtúnṣe, kò mọ ohun tí àtúnṣe náà gbójú lé. Láti oṣù kejì ọdún 2024 tí àwọn ará kernel ti ń fi nọ́ńbà CVE, èyí tí wọ́n fi ń dá ihò ààbò mọ̀, sára àtúnṣe fúnra wọn, ìyára tún wọ̀ ọ́, torí àwọn ilé iṣẹ́ kan ti fi kíka CVE rọ́pò kíka kóòdù.

Nígbà tí wọ́n bá kó àbùlẹ̀ jọ fún àtúnjáde, wákàtí 48 ni òfin fún àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò láti fọwọ́ sí i tàbí kọ̀. Ẹ̀rọ ìdánwò bíi KernelCI á kọ́ ọ, wọ́n á tan án lórí pátákó oríṣiríṣi. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n káàdì tí dírẹ́bà rẹ ń gbé, ó ṣeé ṣe kó má sí nínú ọ̀kankan nínú àwọn pátákó yẹn. Bí kernel bá tan, kò túmọ̀ sí pé dírẹ́bà rẹ ṣiṣẹ́, ó lè túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó pè é.

Ṣé kí a máa wá gba àbùlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀rọ gidi dán wò ni? Ibi tí mo ti ń yí èrò padà nìyí. Tí ó bá jẹ́ pé dírẹ́bà gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ USB gbọ́ láìyẹ gígùn rẹ̀ wò, tí ẹni ibi lè ki ẹ̀rọ ẹ̀tàn bọ ihò USB kó fi gba kernel, màá gbà á bí n ò tilẹ̀ rí ẹ̀rọ náà rí. Àyẹ̀wò gígùn ṣeé kà lójú. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àkókò, “dúró fún 20 millisecond kí o tó tan rédíò”, ẹni tó ní ẹ̀rọ lọ́wọ́ nìkan ló lè sọ fún mi pé ó rí bẹ́ẹ̀ lórí 5.10 náà.

Ọ̀nà mìíràn wà tí n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn kan kì í mú àbùlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo dírẹ́bà tuntun ni wọ́n ń gbé padà lẹ́ẹ̀kan. Ilé iṣẹ́ Red Hat ń ṣe é nínú kernel tirẹ̀. Iṣẹ́ kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ backports, tó ń lo ètò kan tó ń jẹ́ Coccinelle láti yí kóòdù dírẹ́bà tuntun padà kó lè gbọ́ èdè kernel àtijọ́. Fún Wi-Fi, ó wúlò púpọ̀. Ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ tó lè dán gbogbo rẹ̀ wò, kó ṣe é. Ẹ̀ka stable kò ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà míì sì rèé, ìdáhùn tó jẹ́ òótọ́ ni kí o sọ fún oníbàárà pé ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò bá kernel 2020 rìn, kó gòkè wá sí 6.12.

Ìlà kan wa ńkọ́? 6.6 gbà á bó ṣe wà. 6.1 náà gbà á, mo ti wò ó, ẹni tó gbálẹ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Ti 5.10, mo wo commit gbígbálẹ̀ yẹn bóyá kí n hú u pọ̀, mo rí i pé ó kan function mẹ́fà mìíràn, mo fi í sílẹ̀. Mo sọ ìlà náà kalẹ̀ sísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń tú àgádágodo sílẹ̀, kó tó kan ibi tí mẹ́mọ́rì ti ń di òfo, mo kọ ìdí rẹ̀ sínú commit ní ìpínrọ̀ méjì. Ìpínrọ̀ méjì lórí ìlà kan. Mo wá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ ọ́ lókè, mo ní kó bá mi wò ó. Ó dáhùn lọ́jọ́ kẹta pé òun kò ní ẹ̀rọ kankan tó ń lo 5.10 mọ́, pé lójú òun ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n kí n wá ẹni tó ní káàdì náà. Mo wá a. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko kọjá kí ẹnì kan tó rí ọ̀kan nínú àpótí àwọn ẹ̀rọ tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi í sínú ẹ̀rọ, tó yọ ọ́, tó tún fi í síbẹ̀, tó tún yọ ọ́, nígbà ogún. Kò dúró gbagidi. Ìgbà yẹn ni mo tó fi í ránṣẹ́ fún 5.10.